Omi ló ń tu òrùlé lára

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn èèyàn ṣe ọgbà sórí òrùlé pẹrẹsẹ. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Irú ewéko wo la máa gbìn?" Ìbéèrè yẹn kò burú, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni pé, níbo ni omi yóò ti máa wá, ibo ni yóò sì gbà lọ? Ẹni tó bá ti rí ìdáhùn sí i ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá fò ó, ewéko tó dára jù láyé kò lè gbà á sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń bá jà. Ìlú ńlá máa ń gbóná ju ìgbèríko tó yí i ká lọ, ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe tòní. Luke Howard, ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó máa ń ṣàkíyèsí ojú ọjọ́, ti wọn ooru Lọ́ńdọ̀nù àti ti ìgbèríko rẹ̀ wéra ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ohun tó rí jáde nínú ìwé ní 1818. Ó rí i pé òru ni ìyàtọ̀ náà máa ń hàn jù. Kọnkéré, bíríkì àti ọ̀dà ojú títì ń mu oòrùn sára látàárọ̀. Tí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ilé gíga tó fún mọ́ra kì í jẹ́ kí ooru náà ríbi lọ. Ọkọ̀ àti ẹ̀rọ amúlétutù tún ń da tiwọn kún un. Ilẹ̀ tí òjò ì bá sì ti wọ̀, kí oòrùn lè máa rí omi fà nínú rẹ̀, a ti fi kọnkéré bò ó mọ́lẹ̀. Kí òjò tó dá tán, gọ́tà ti gbé omi náà lọ.

Ooru yìí ń pa èèyàn. Ní oṣù keje ọdún 1995, ó pa èèyàn tó lé ní 700 ní Chicago láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ní 2003, àwọn tí ooru pa ní Yúróòpù lé ní 70,000. Nígbà tí àwọn olùwádìí ní Faransé wá yẹ ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó tó kú sínú ilé wọn wò, wọ́n rí i pé sísùn nínú yàrá tó wà lábẹ́ òrùlé gan-an wà lára ohun tó fi ẹ̀mí wọn sínú ewu. Ohun tó mú kí n gbájú mọ́ òrùlé nìyẹn. Èèyàn lè ti wíńdò, kó fa kọ́tìnnì, àmọ́ kò sí kọ́tìnnì tí a lè fà bo àjà tó ti mu oòrùn láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Mo ní ẹ̀rọ kékeré kan tí a máa ń nà sí nǹkan kó lè sọ bí ojú nǹkan náà ṣe gbóná tó, òun ló sì là mí lóye jù lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú ganrínganrín, a wà lórí òrùlé kan tí ọgbà rẹ̀ kò kárí, afẹ́fẹ́ tó yí wa ká wà ní nǹkan bíi 34°C. Mo na ẹ̀rọ náà sí ibi tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kùn lásán, ó ka 67. Mo nà án sí igun kan tí ewéko ti rọ nítorí pé ihò páìpù tó ń bomi rin ín ti dí, ó ka 52. Mo sún síwájú díẹ̀, síbi tí ewé ti bo ilẹ̀ pátápátá, tí ilẹ̀ sì ṣì rin lọ́wọ́, ó ka 33. Òrùlé kan náà ni, oòrùn kan náà, ewéko kan náà, ilẹ̀ tí a tú láti inú àpò kan náà. Omi nìkan ló ya ibi méjì tó kẹ́yìn síra. Ẹni tó ni ilé náà wà níbẹ̀, ó tẹ ọwọ́ sílẹ̀ níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó yára fa ọwọ́ kúrò lórí ọ̀dà, kò sì tún bi mí léèrè ìdí tí mo fi ń dààmú lórí páìpù mọ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rọrùn láti ṣàlàyé. Nígbà tí omi bá ń di oru, ó máa ń gba ooru lọ́wọ́ ohun tó wà lára rẹ̀, á sì gbé e lọ sínú afẹ́fẹ́. Gbòǹgbò ń fa omi látinú ilẹ̀, ewé sì ń mí in jáde láti àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà lára rẹ̀. Ooru tí lítà omi kan ṣoṣo máa ń gbé lọ lọ́nà yìí pọ̀ tó èyí tí a fi lè gbé lítà méje omi tútù kaná títí tí yóò fi hó. Tí oòrùn bá mú, tí ilẹ̀ sì rin, ọgbà tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, lè mí lítà mẹ́rin sí márùn-ún jáde lóòjọ́. Ẹ fi ìyẹn wé iye oòrùn tó ń bọ́ sórí ibẹ̀, ẹ ó rí i pé ó lè ju ìdajì rẹ̀ lọ tí omi náà ń gbé lọ kó tó rí kọnkéré. Ibòji tí ewé ń ṣe náà wúlò, n kò sọ pé kò wúlò. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ti gbẹ, ewé á pa ihò ara rẹ̀ dé kó má bàa kú, ìtura náà á sì dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà gan-an tí a nílò rẹ̀ jù.

Ìdí rèé tí n kì í fi yára gba àwọn èèyàn níyànjú láti gbin sedum nìkan. Sedum ni wọ́n fẹ́ràn jù lórí òrùlé ilẹ̀ òtútù, nítorí pé ewé rẹ̀ sanra, ó ń tọ́jú omi, kì í sì í tètè kú lórí ilẹ̀ tí kò nípọn. Mo fara mọ́ ọn pé ó lágbára. Ohun tó jẹ́ kó lágbára náà ni pé tí omi bá wọ́n, ó máa ń pa ihò ewé rẹ̀ dé lọ́sàn-án, òru ló ń ṣí i. Ó ń ṣọ́ omi jẹ. Ẹni tó fẹ́ kí òrùlé òun má wulẹ̀ ṣófo lè gbìn ín, kò ní kábàámọ̀. Ẹni tó fẹ́ kí òrùlé tutù ní aago méjì ọ̀sán nílò ewéko tó ń mu omi dáadáa: koríko, ewébẹ̀, àwọn ewéko tó ń fà nílẹ̀ tí ewé wọn tẹ́, àti èyí tó bá hù fúnra rẹ̀ níbi tí ẹ wà tí ẹ kò gbìn, nítorí ìyẹn ti fi hàn pé òun lè gbé ibẹ̀.

Omi wúwo o. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù. Omi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà kan péré lórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ kìlógíráàmù mẹ́wàá. Ilẹ̀ tí a pò fún òrùlé, tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, tí òjò sì ti wọ̀ dáadáa, lè wọn kìlógíráàmù 100 sí 150 lórí ìwọ̀n àyè kan náà. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ oko tí wọ́n gbẹ́ tí wọ́n kàn gbé gòkè, ó lè súnmọ́ 200. Ẹ wá fi gbogbo òrùlé ṣe ìṣírò. Ẹnjiníà àgbà kan wà tí mo máa ń lọ bá, ọ̀rọ̀ kan sì wà tó máa ń tún sọ fún mi nígbàkígbà tí mo bá kó ìwé ìṣírò lọ síwájú rẹ̀: "Àbúrò, ṣé ilẹ̀ gbígbẹ lo wọ̀n ni àbí ilẹ̀ tí òjò ti pa?" Tí mo bá ti ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí tí òjò ti pa ni," ìgbà yẹn ni yóò tó wọ awò rẹ̀.

Kò sí ẹni tó yẹ kó gbé àpò ilẹ̀ kan gorí òrùlé láìjẹ́ pé ẹnjiníà tó mọ bí wọ́n ṣe kọ́ ilé náà ti fọwọ́ sí i. Kí bíríkìlà sọ pé òun mọ ilé náà kò tó. Kí àládùúgbò ní òun gbé táńkì sórí tòun tí kò wó kò tó. Táńkì tó gba 1,000 lítà, tọ́ọ̀nù kan ni tó bá kún, ojú kan ló sì ń tẹ̀. Àwọn nǹkan tó wúwo, orí òpó àti ìtẹ́rígbà ni kí wọ́n wà, kì í ṣe àárín àjà. Mo ti rí òrùlé tí ẹnjiníà sọ pé kò lè gbé ju koríko tín-ín-rín lọ, mo sì ti rí èyí tó ní rárá, kò lè gbé nǹkan kan. Ó máa ń dun onílé, ó máa ń dun èmi náà, ṣùgbọ́n ẹ̀mí àwọn tó ń sùn nísàlẹ̀ ju ọgbà lọ.

Ilẹ̀ tí a ń lò kì í ṣe ilẹ̀ gidi bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Amọ̀ tí wọ́n sun nínú iná títí tó fi wú, tàbí òkúta fífúyẹ́ tí òkè ayọnáyèéfín tu jáde, tàbí bíríkì fífọ́, ni ó máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n á wá po ajílẹ̀ tó ti jẹrà mọ́ ọn níwọ̀nba. Ilẹ̀ oko máa ń ki pọ̀ tí òjò bá ti lù ú léraléra, omi kò ní lè gbà á kọjá, gbòǹgbò kò sì ní rí afẹ́fẹ́. Tí ajílẹ̀ bá sì pọ̀ jù, yóò máa jẹrà lọ, ọgbà á sì máa rì lọ́dọọdún.

Lábẹ́ ilẹ̀ yẹn, aṣọ asẹ́ ni, kí iyanrìn wẹ́wẹ́ má bàa bá omi lọ dí ojú páìpù. Lábẹ́ aṣọ, ibi tí omi ń gbà ṣàn. Lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rá nínípọn tí gbòǹgbò kò lè lu. Nísàlẹ̀ pátápátá, ohun tí kì í jẹ́ kí omi wọ kọnkéré. Gbogbo ọgbà dúró lórí èyí tó kẹ́yìn yìí, òun sì ni àwọn kan máa ń fẹ́ fi dín owó kù. Ilé kan wà tí mo mọ̀ tí agbaṣẹ́ṣe kọ̀ láti dán òrùlé wò kí wọ́n tó da ilẹ̀ sí i. Ọgbà náà rẹwà gan-an. Lẹ́yìn náà ni àjà yàrá kan bẹ̀rẹ̀ sí í ní àmì omi, àmì náà fẹ̀, ọ̀dà ara ògiri sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ìyà tó wà nínú jíjò lábẹ́ ọgbà ni pé ibi tó ti ń kán sínú yàrá kì í sábà jẹ́ ibi tó ti ya lókè, nítorí omi máa ń rin ìrìn àjò lábẹ́ ilẹ̀ kó tó rí ihò. Wọ́n ní láti kó gbogbo ilẹ̀ náà kúrò, àpò lẹ́yìn àpò, kí wọ́n tó rí ihò tí kò ju ìka lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù kan.

Ìdánwò tí wọ́n kọ̀ láti ṣe kò le rárá. Ẹ dí ojú ibi tí omi ń gbà lọ, ẹ da omi sórí òrùlé kó jìn ní sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ níwọ̀n tí ẹnjiníà bá gbà, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì, kí ẹ wá máa yẹ àjà ìsàlẹ̀ wò. Tí àmì omi kankan kò bá hàn, ẹ lè máa bá iṣẹ́ lọ. Òrùlé tí wọ́n bá ṣe dáadáa sì máa ń pẹ́, torí ilẹ̀ tó bò ó ń gbà á lọ́wọ́ oòrùn tó máa ń mú kí ọ̀dà là. Ọgbà orí òrùlé tó wà ní Kensington ní Lọ́ńdọ̀nù, 1938 ni wọ́n ṣí i, igi tó wà níbẹ̀ ti di igi ńlá.

Ó wá ku ibi tí omi yóò ti máa wá. Ilẹ̀ tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lè gba nǹkan bí ọgbọ̀n lítà omi lórí mítà kan níbùú lóròó. Tí ewéko bá ń mí lítà mẹ́rin tàbí márùn-ún jáde lóòjọ́, ẹ rí i pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni yóò gbé e tí òjò kò bá rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yin ni òjò. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni kí a gba omi òjò sínú táńkì nísàlẹ̀, kí pọ́ọ̀ǹpù kékeré máa fà á gòkè. Omi tó ń kán láti ara ẹ̀rọ amúlétutù náà dára. Níbi tí ọ̀rinrin bá ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ kan lè kán ọ̀pọ̀ lítà lóòjọ́, a sì máa ń jẹ́ kó ṣòfò sára ògiri. Omi tí a fi fọ ọwọ́ tàbí tí a fi wẹ̀ ṣeé lò fún koríko àti òdòdó tí a bá sẹ́ ẹ dáadáa, àmọ́ n kì í jẹ́ kó kan ewébẹ̀ tí èèyàn máa jẹ ní tútù. Páìpù wẹ́wẹ́ tó ń kán omi sí ìdí ewéko ló dára, kí ẹ fi ewé gbígbẹ bò ó, kí oòrùn má bàa fa omi náà kí gbòǹgbò tó rí i. Ìdájí ni kí ẹ bomi rin ín, kí ilẹ̀ lè rin nígbà tí oòrùn bá ń gòkè.

Tó bá jẹ́ omi mímu tí àwọn aráàlú kò rí mu tó lẹ fẹ́ máa dà sórí òrùlé, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe ọgbà. Ẹ kùn ún ní ọ̀dà funfun. Ọ̀dà funfun tó dára, tó ṣì mọ́, lè dá ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá oòrùn padà sókè, nígbà tí ọ̀dà dúdú ń gbé èyí tó pọ̀ jù mì. Owó rẹ̀ kéré, kò wúwo, kò béèrè omi, àyàfi pé ẹ ní láti máa fọ̀ ọ́ tí eruku bá bò ó. Àwọn kan nínú iṣẹ́ wa kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n tí a bá ń sọ pé nítorí ooru la ṣe ń ṣe é, ohun tó bá lè dín ooru kù níbẹ̀ ni kí a sọ fún èèyàn.

Òtítọ́ míì tún wà tí mo máa ń sọ fún àwọn tó ní ilé gíga fíofío. Ọgbà tó wà lókè lọ́hùn-ún ń tu àjà tó wà lábẹ́ rẹ̀ lára, àmọ́ ẹni tó ń rìn ní títì kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, nítorí afẹ́fẹ́ tútù náà ti tú ká kó tó dé ilẹ̀. Igi ẹ̀gbẹ́ títì ló lè ṣe onítọ̀hún lóore. Ibi tí àwọn ilé bá ti kúrú, tí òrùlé púpọ̀ sì tẹ̀ léra, ni ọgbà orí òrùlé ti lè kan àdúgbò lápapọ̀. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ṣe é ní ilé ACROS ní Fukuoka, ní Japan, tí wọ́n kọ́ parí ní 1995. Òrùlé rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele-ìpele bí àtẹ̀gùn, igi sì kún orí ìpele kọ̀ọ̀kan títí dé ọgbà ìtura tó wà nílẹ̀, tí àwọn aráàlú ń jókòó sí.

Àwọn ìlú kan ti sọ ọgbà orí òrùlé di òfin. Tokyo ti ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ ilé ńlá láti 2001, ọdún yẹn náà ni wọ́n parí ọgbà tó wà lórí gbọ̀ngàn ìlú Chicago. Toronto gbé òfin tirẹ̀ jáde ní 2009 fún ilé tuntun tí àyè inú rẹ̀ bá tó ìwọ̀n mítà kan níbùú lóròó lọ́nà 2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú mi dùn sí i. Ohun tí mo máa ń gbàdúrà pé kí àwọn ìlú tó ń bọ̀ lẹ́yìn fi kún tiwọn ni pé kí wọ́n má kàn ka bí ọgbà ṣe fẹ̀ tó, kí wọ́n béèrè bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe jìn tó, àti ibi tí omi rẹ̀ yóò ti wá ní oṣù tó gbóná jù lọ́dún.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọgbà orí òrùlé tí mo rí tó kú, kì í ṣe kòkòrò ló pa á. Ẹni tó ń bomi rin ín ló kó lọ, tí ẹnì kankan kò gba iṣẹ́ náà, tàbí kí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn òrùlé wà lọ́wọ́ ẹni tí kì í gbé inú ilé náà. Ewéko ń rọ lókè, àwọn tó fẹ́ bù ú lómi wà nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn tì. Nítorí náà, kí n tó gba iṣẹ́ báyìí, mo máa ń ní kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ èèyàn méjì, ó kéré tán, tó ń sùn nínú ilé náà, kí ẹ̀rọ omi wà lókè níbẹ̀ gan-an kí ẹnikẹ́ni má bàa máa ru garawa gun àtẹ̀gùn, kí ojú ihò tí omi ń gbà lọ sì wà níbi tí ọwọ́ ti lè tó o láti kó ewé kúrò ṣáájú òjò ńlá.